Béèsì Tó Ń Fọhùn Fèrè: Ta Ló Wà Lẹ́yìn Aṣọ?

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìta-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú, màmá kan tó jókòó ní ìlà kejì fi ìdajì orin ìdúpẹ́ wá ẹni tó ń fọn fèrè. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, ó tún dìde díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún ìró rẹ̀ ró. Fèrè ń dún geere, kò sì sí ẹni tó gbé fèrè sẹ́nu. Onílù wà níbẹ̀, oní-gángan wà níbẹ̀, àwọn akọrin náà wà níbẹ̀. Ara oníkíbọ́ọ̀dù ni kò yá lọ́jọ́ náà, a sì ti fi aṣọ funfun bo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìka rẹ̀ ń bá fèrè yẹn rìn ni ọmọkùnrin tó gbé gìtá béèsì kọ́rùn.

Bí a ṣe parí, màmá tọ̀ mí wá nídìí míkísà, torí èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ọmọ mi, ta lẹ fi pamọ́ sẹ́yìn aṣọ yẹn?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fídíò ti wà lórí status àwọn èèyàn, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní orin tí a ti gbà sílẹ̀ la gbé sí i, pé ọmọ náà kàn ń ju ọwọ́ lásán ni. Àwọn kan ní a fi kọ̀ǹpútà tún fídíò náà ṣe. Ọmọ kan tó ń ta ṣájà fóònù ní Sábó fi gbogbo ẹnu sọ fún mi pé Bluetooth ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ò jìnnà sí òótọ́ tó bí mo ṣe rò.

Èmi ni mo so wáyà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

## Ṣé inú bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù ni ohùn ń gbé?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Tí a bá rí kíbọ́ọ̀dù, nǹkan kan ṣoṣo la rò pé a rí. Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́ ni àwọn bọ́tìnì funfun àti dúdú tí ìka ń tẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ tó wà nínú ikùn rẹ̀, èyí tó ń mú ohùn jáde: ohùn dùùrù, ohùn fèrè, ohùn ọ́gàànù. Ẹ̀rọ kejì yìí la ń pè ní synthesizer. Òmíràn máa ń fi iná mànàmáná dá ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti gba ohùn fèrè gidi sínú rẹ̀ ní nóòtì kọ̀ọ̀kan, èyí tí a bá béèrè ló ń yọ síta. Fún ọ̀rọ̀ tòní, bákan náà ni wọ́n rí.

Ẹ wo búkà. Ọmọ kan wà níta tó ń gba iṣẹ́ lẹ́nu oníbàárà, tó ń pariwo sínú ilé ìdáná pé, "Àmàlà méjì, gbẹ̀gìrì, ẹran mẹ́ta!" Ìyá wà nídìí ìkòkò, òun ló ń bù ú. Bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù ni ọmọ tó wà níta yẹn. Kò se nǹkan kan. Bí ọmọ náà ò bá wá sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, tí ẹlòmíràn dúró níbẹ̀, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo iṣẹ́, oúnjẹ kan náà ni ìyá máa bù fún un.

Ohun tí àwa olórin ń pè ní "trigger" kò ju èyí lọ: kí nǹkan tí kì í ṣe bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù máa pàṣẹ fún synthesizer. Ó lè jẹ́ ìlù, ó lè jẹ́ pátákó tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, béèsì ni.

Nítorí náà màmá ò ṣì í rárá. Ẹnì kan wà lẹ́yìn aṣọ lóòótọ́, kíbọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀ ni. A ò pa iná rẹ̀. Wáyà kan gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, ó ń gba àṣẹ lábẹ́ aṣọ, ó ń fọn fèrè, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀ kankan.

## Kí ló ń gba inú wáyà náà kọjá?

Kì í ṣe ohùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ti ń lu nǹkan láti kékeré, ni kò mọ èyí. Bí ẹ bá fa wáyà yẹn yọ lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, tí ẹ sì rí ọgbọ́n kan dá láti kì í bọ inú sípíkà, ẹ ò ní gbọ́ fèrè, ẹ ò ní gbọ́ béèsì. Iṣẹ́ tí a rán ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ irú ìránṣẹ́ báyìí. Àrokò ni. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ràn, kò sí ohùn nínú owó ẹyọ náà, kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á á kà á, á rí i pé ẹ̀fà ni, á sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí òun. Bó bá jẹ́ ẹ̀jọ, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Iye yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé àwọn méjèèjì ti mọ ohun tí iye kọ̀ọ̀kan ń sọ tẹ́lẹ̀.

Àrokò àwọn ẹ̀rọ orin ni MIDI. Kó tó dé, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àrokò tirẹ̀, ẹ̀rọ ti ibí ò gbọ́ ti ọ̀hún. Dave Smith, ọmọ Amẹ́ríkà tó dá Sequential Circuits sílẹ̀, àti Ikutaro Kakehashi, ará Japan tó dá Roland sílẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe akitiyan kí gbogbo wọn lè máa sọ èdè kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM ní Amẹ́ríkà, wọ́n so Prophet-600 ti Sequential mọ́ Jupiter-6 ti Roland, ọ̀kan sọ̀rọ̀, èkejì gbọ́. Ní ọdún 2013, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní àmì ẹ̀yẹ Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nítorí iṣẹ́ yìí.

Nọ́ńbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ MIDI. Nóòtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 0 títí dé 127. C tó wà láàárín gbùngbùn dùùrù ni 60. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin béèsì, bí a bá ta wọ́n láìtẹ̀ wọ́n, E jẹ́ 28, A jẹ́ 33, D jẹ́ 38, G jẹ́ 43. Nọ́ńbà kejì ń sọ agbára tí a fi ta á, òun náà ò kọjá 127. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá ta okùn G pẹ̀lú agbára díẹ̀, ohun tó gba inú wáyà kọjá ni pé: "43, agbára 90, bẹ̀rẹ̀." Nígbà tó bá fọwọ́ pa okùn náà: "43, ó tó."

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń ṣe bí ọsán gángan. Ẹ mọ bí onílù ṣe ń fún ìlù mọ́ abíyá, tí ohùn á gòkè láìjẹ́ pé ó tún un lù. MIDI ní àṣẹ irú ẹ̀ fún ẹni tó bá fa okùn gìtá sẹ́gbẹ̀ẹ́: "fa ohùn yẹn sókè díẹ̀."

Ẹ kíyè sí i pé kò síbi tí "43, agbára 90" ti dárúkọ fèrè. Èmi tí mo tẹ bọ́tìnì fèrè lórí kíbọ́ọ̀dù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ ọ́ di fèrè.

## Báwo ni okùn ṣe ń di nọ́ńbà?

Lórí kíbọ́ọ̀dù, kò sí wàhálà. Abẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni suíìṣì tirẹ̀ wà. Bí ìka ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀rọ ti mọ èyí tó jẹ́.

Béèsì ò ní suíìṣì. Okùn irin ló ní, okùn náà ń gbọ̀n, pickup, ìyẹn mágnẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé, tó wà lábẹ́ okùn, ń sọ gbígbọ̀n yẹn di iná tíntín. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí gbígbọ̀n náà, kó kà á, kó sì sọ nọ́ńbà rẹ̀. Àpótí kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tiwa ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mò ń pè é ní ògbufọ̀.

Kíkà ló ń kà lóòótọ́. Okùn E tó nípọn jù ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. A ń gbọ̀n nígbà 55, D nígbà 73, G nígbà 98. Bí ògbufọ̀ bá ka 98, á ní, "G nìyẹn, 43."

Bí okùn méjì bá dún lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Pickup lásán ń gbọ́ gbogbo okùn pọ̀ ni, bí ẹni tó dúró láàárín ọjà Sábó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ní kó sọ ohun tí obìnrin kan ń ná. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ògbufọ̀ kéékèèké fi ń gba nóòtì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á lo pickup tó ní etí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún okùn kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ ni GK-3B ti Roland, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń gbé sábẹ́ okùn nítòsí ibi tí okùn parí sí. Ẹnu wáyà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ 13, torí okùn kọ̀ọ̀kan ló ń dá rìn nínú rẹ̀.

## Kí ló dé tí fèrè fi máa ń pẹ́ dé?

Fídíò ò fi èyí hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta á máa mọ̀ ọ́n lára. Ìka ti ta okùn tán kí fèrè tó dún. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ olórin kulẹ̀ nìyí, tí wọ́n á fi gbé ẹ̀rọ olówó ńlá padà sínú páálí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jókòó síwájú ilé lálẹ́, kí wọ́n ti mú iná lọ. Ẹnì kan ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ fẹ́ fi ìró ẹsẹ̀ mọ bó ṣe ń yára tó. Ẹsẹ̀ kan ò lè sọ fún yín. Àfi kó gbé èkejì. Bó bá jẹ́ ọmọdé tó ń sáré lọ ra kẹ́rọ́sìnì, kíá lẹ ó mọ̀. Bó bá jẹ́ bàbá arúgbó tó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ ó dúró dè é.

Okùn béèsì ni bàbá arúgbó yẹn. Ẹ pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà 1,000, kí a máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní milisẹ́kọ́ńdì. Okùn E béèsì, bó ṣe ń gbọ̀n nígbà 41, nílò 24 milisẹ́kọ́ńdì kó tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré. B ti béèsì olókùn márùn-ún nílò 32. Ògbufọ̀ kì í sì í fẹ́ gba ẹsẹ̀ kan gbọ́, pàápàá torí pé ìgbà tí ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára okùn, ariwo ló pọ̀ níbẹ̀ ju orin lọ. Bó bá dúró de ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti ń lọ sí 50 lórí E. Okùn tó tín-ínrín jù lára gìtá lásán ń gbọ̀n nígbà 330, 3 milisẹ́kọ́ńdì ti tó o láti gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ béèsì ò mọṣẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń rọra rìn, kò sì sí owó tí a lè san fún un kó sáré.

Ṣé 50 pọ̀? Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn nǹkan bí 3 milisẹ́kọ́ńdì fún mítà kọ̀ọ̀kan. 24 dà bí ìgbà tí ẹ dúró ní mítà mẹ́jọ sí sípíkà, ọ̀pọ̀ akọrin ń fara da ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. 50 dà bí mítà 17. Onílù á bojú wẹ̀yìn.

Wáyà ni wọ́n sábà máa ń bú. "Ra wáyà tó dáa." Mo ti ra á. Iṣẹ́ MIDI kan tó ń bẹ̀rẹ̀ nóòtì ń lo nǹkan bí 1 milisẹ́kọ́ńdì lórí wáyà, ó tán. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò láàárọ̀ á tètè lóye: ọkọ̀ ń sáré lójú omi, orí ìlà ní èbúté ni àkókò yín ti lọ. Ìlà yẹn ni kíkà tí ògbufọ̀ ń kà.

Ọgbọ́n wà. Ọmọ wa ò fọwọ́ kan okùn E lọ́jọ́ ìkórè. Òkè pátápátá lórí okùn G ló ń ṣeré sí. Láti fret kejìlá (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò sí ọrùn gìtá), okùn yẹn ti ń gbọ̀n nígbà 196, ìgbọ̀nsẹ̀ kan ò ju 5 milisẹ́kọ́ńdì lọ. Bí a bá fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, a ó sọ fún kíbọ́ọ̀dù pé kó máa yọ 12 kúrò nínú gbogbo nọ́ńbà tó bá gbà. Ìka wà lókè, ohùn ń jáde nísàlẹ̀. Ọgbọ́n kejì ni kí a má pa ohùn béèsì gan-an mọ́lẹ̀ tán lórí míkísà. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ fèrè. Etí á mú "tó" ìka lára béèsì, á mú ara ohùn lára fèrè, á sì gbà pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Ohùn tí ẹ yàn náà tún ń bo àṣírí: ohùn tó ń wọlé jẹ́jẹ́ bí ọ̀wọ́ fáólìnì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n dùùrù á tú yín fó.

## Ṣé ọ̀nà kan péré ló wà?

Rárá, ibí ni owó sì ti ń ṣòfò jù, torí àwọn tó ń tà á ń pe gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan náà.

Àwọn pẹ́dà kan wà, ìyẹn àpótí kékeré tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní synth, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú MIDI. SY-1 ti Boss wà lára wọn. B9 ti Electro-Harmonix, tó ń sọ gìtá di ọ́gàànù, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ohùn béèsì yín gan-an ni wọ́n mú, tí wọ́n lọ́, tí wọ́n gé, tí wọ́n wọ̀ láṣọ. Bí egúngún ṣe ń fọhùn ni: ènìyàn kan náà ló wà nínú ẹ̀kú, ohùn ló yí padà. MIDI ní tirẹ̀ dà bí kí ẹ rán ẹlòmíràn lọ sọ ọ́. Àǹfààní pẹ́dà ni pé kì í sábà pẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nílò láti mọ orúkọ nóòtì kó tó ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn tó bá wà nínú rẹ̀ lẹ ó máa lò, kò lè jí kíbọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ aṣọ. Lójú tèmi, ẹni tó kàn fẹ́ kí béèsì òun máa ké bí ẹ̀rọ fún orin kan tàbí méjì, kó ra pẹ́dà, kó lọ sinmi.

Ògbufọ̀ kékeré tó ń gba jáàkì lásán, bíi B2M ti Sonuus, ń ka nóòtì kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní ihò MIDI oníhò márùn-ún lára. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù yín. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tuntun ò ní ihò yẹn mọ́, USB nìkan ló wà níbẹ̀, USB náà sì ń retí kọ̀ǹpútà ni. Ìránṣẹ́ méjì ò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí USB bí ọ̀gá kan ò bá sí láàárín.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó dáa lè lo MIDI Guitar ti Jam Origin, tó ní apá tirẹ̀ fún béèsì. Jáàkì béèsì á wọ káàdì ohùn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, ògbufọ̀ á wà nínú kọ̀ǹpútà, synthesizer náà á wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé káàdì ohùn ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ó sì ń kó wọn jọ ní ìdì kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí ìdì kan bá jẹ́ wẹ́wẹ́ 256, tí káàdì ń gé wẹ́wẹ́ 48,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì, 5 milisẹ́kọ́ńdì tún ti lọ nìyẹn ní àlọ nìkan, àbọ̀ ṣì wà níwájú. Ẹ dín in kù sí 128 tàbí 64 títí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí já, kí ẹ wá gòkè padà ní ìgbésẹ̀ kan.

Bluetooth wá ńkọ́? Iṣẹ́ MIDI lè gba orí Bluetooth kọjá, àwọn fóònù òde òní ń ṣe é. TriplePlay ti Fishman, tí wọ́n ṣe fún gìtá olókùn mẹ́fà, náà ò lo wáyà, rédíò tirẹ̀ ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Nítorí náà mo ti padà sí Sábó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ oníṣájà.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù, tí n kò tíì fọwọ́ kàn rí. Steve Chick, ará Australia, ronú pé bí kíkà bá ń pẹ́, kí wọ́n má kà mọ́. Ó sọ fret fúnra rẹ̀ di suíìṣì: bí okùn bá ṣe kan irin fret, ẹ̀rọ ti mọ nóòtì, bíi bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù. Ilé iṣẹ́ gìtá tó ń jẹ́ Wal ṣe béèsì irú ẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, Peavey náà ṣe tirẹ̀ tó ń jẹ́ MidiBase lẹ́yìn náà. Gìtá tí wọ́n dìídì kàn fún un ni, ẹ má lọ máa wá a ní Alábà.

## Ta ló ń dún nígbà tí kò sẹ́ni tó ta á?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo so nǹkan yìí lóde, ìgbéyàwó kan ní Ìmọ́tà ni. Orin parí, alága ìjókòó gbé máíìkì, fèrè bẹ̀rẹ̀: pòòòò. Onígìtá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kì í ṣe òun. Fèrè ò dákẹ́. Alága ìjókòó ní àwọn baba ńlá ìyàwó ló dé. Ẹnì kan wá lọ yọ fíríìsà ọtí kúrò lára iná lẹ́yìn ilé, fèrè bá gòkè díẹ̀, ó sì dúró sí ibi tuntun náà.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ yé mi. Iná wa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdì. Béèsì àtijọ́ tí a lò, pickup rẹ̀ máa ń fa ariwo iná mọ́ra, "hùùù" yẹn tí gbogbo wa mọ̀. G ìsàlẹ̀, nọ́ńbà 31, ń gbọ̀n nígbà 49. Ìlọ́po méjì 50 sì ni 100, tó sún mọ́ 98 ti okùn G. Ògbufọ̀ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn àti NEPA. Ó kà á, ó rí G, ó ránṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n tàn lọ́jọ́ yẹn, bí ẹrù bá sì fúyẹ́ lórí rẹ̀, á sáré sí i. Bó bá dé 52 báyìí, ó ti di G-sharp, nóòtì tó tẹ̀lé G lókè. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ta béèsì fún wa, fíríìsà sì ń fa ọsán.

Láti ọjọ́ náà, bí béèsì bá ní pickup méjì irú ti àtijọ́, mo máa ń ní kí wọ́n ṣí bọ́tìnì ohùn méjèèjì dé òpin, torí ariwo ọ̀kan ń pa ti èkejì. Bí wọ́n bá yí ọ̀kan wálẹ̀ díẹ̀, ariwo ti padà dé. Mo tún máa ń gbé ìloro ògbufọ̀ sókè, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ohùn gbọ́dọ̀ ní kó tó dá a lóhùn. Ẹ má gbé e sókè jù, kó má baà gbàgbé àwọn nóòtì tí ẹ rọra ta.

## Kí ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ yí padà?

Onígìtá béèsì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ìdọ̀tí sí i: ó ń gbá okùn, ó ń fi ìka fà á lásán láàárín nóòtì méjì, ohun tó ń mú kí èèyàn mi orí nìyẹn. Ògbufọ̀ ń tú gbogbo rẹ̀ sí fèrè. Ẹ ó máa gbọ́ "pẹ́ẹ́" àti "pòó" níbi tí kò yẹ. Ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ pa okùn tí a ò lò mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ ta ẹyọ kan, kó dúró.

Okùn ń kú díẹ̀díẹ̀, fèrè inú kíbọ́ọ̀dù kì í kú títí wọ́n á fi ní ó tó. Bí okùn bá ti rẹ̀, kíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì láàárín nọ́ńbà méjì, ohùn á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ ti fọwọ́ pa á kó tó débẹ̀. Ẹni tó ń fọn fèrè gidi á mí, kí ìka yín náà máa mí.

Ẹ yí okùn béèsì kí ohùn wọn bára mu dáadáa. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀, bí ẹ bá ní kí wọ́n má fa ohùn, á kàn mú nọ́ńbà tó sún mọ́ jù. Béèsì tó ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ á wá jẹ́ kí fèrè wà lójú ọ̀nà nígbà tí béèsì fúnra rẹ̀ ń rìn nínú gọ́tà, àwọn méjèèjì á sì máa jà létí ìjọ.

## Ṣé oníkíbọ́ọ̀dù ti rí iṣẹ́ tì nìyẹn?

Ìka mẹ́wàá ni oníkíbọ́ọ̀dù fi ń ṣiṣẹ́, béèsì ń fi nóòtì kan ránṣẹ́. Àti pé nígbà tí béèsì bá gòkè lọ fọn fèrè, ta ló kù nísàlẹ̀? Lọ́jọ́ ìkórè, ìyá ìlù ló gbà wá. Ara oníkíbọ́ọ̀dù wa ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ẹni tó yí sẹ́tíìnì òun.

Màmá náà ò fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà mí gbọ́. Mo mú un lọ síbẹ̀, mo ká aṣọ funfun kúrò, mo ní kí ọmọ náà ta okùn kan. Fèrè dún, bọ́tìnì kankan ò rìn. Màmá tẹ̀ síwájú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. "Ta á sí i." Ó tún ta á. Màmá mi orí. Ó wá bi mí bóyá ó lè fi ohùn ọ́gàànù àtijọ́ tí a ní kí wọ́n tó tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ dáhùn. Mo tẹ bọ́tìnì ọ́gàànù lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà ò yí ohunkóhun padà lára béèsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè.